Òkè Kò Gba Ìlú Lọ́wọ́ Ìjì

Ohun tí a bá gbọ́ lẹ́nu àgbà, a kì í fẹ́ jiyàn rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni èyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fi ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́ láìwádìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Topeka ní ìpínlẹ̀ Kansas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òkè kékeré kan tí à ń pè ní Burnett's Mound wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlú náà. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbọ́ pé òkè yìí ni ààbò wọn, àti pé tọ̀nédò, ìjì líle tí ń yí bí òkòtó, kò lè kọjá rẹ̀ wọ ìgboro. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1966, tọ̀nédò gba orí òkè náà kọjá, ó la ìlú já, ó wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, ó ba Yunifásítì Washburn jẹ́, ó sì pa ènìyàn 16. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìyẹ.

Àwọn mìíràn ní odò ńlá a máa dá a dúró. Èyí náà kì í ṣe òótọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1925, tọ̀nédò kan ti Missouri ré odò Mississippi kọjá sí Illinois, ó sì dé Indiana. Ènìyàn 695 ni ó pa. Inú ìkùukùu gíga fíofío ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ni òkè tàbí odò já mọ́ lójú rẹ̀?

Wọ́n tún ní kí a ṣí fèrèsé, kí ilé má baà bẹ́. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ tí yóò ká òrùlé rẹ̀ lọ ni, ó sì ń fi àkókò tí ó yẹ kí ó fi sá pamọ́ ṣòfò. Wọ́n ní kí a sá sí abẹ́ afárá. Ní Oklahoma, ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1999, ènìyàn 3 ni ìjì pa níbi afárá tí wọ́n sá sí.

Kì í ṣe òkè ni ó gba ọ̀pọ̀ ará Topeka là. Ìkìlọ̀ tí wọ́n gbọ́ lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì àti amóhùnmáwòrán ni, àti yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sá wọ̀. Ẹni tí kò bá ní irú yàrá bẹ́ẹ̀, kí ó wọ yàrá àárín gbùngbùn ilé, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kò sí fèrèsé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ni nínú wa tí kò ní òkè tirẹ̀ tí ó fẹ̀yìn tì? Ìgbàgbọ́ tí ó bá mú ni jókòó nígbà tí ó yẹ kí a sá, ọ̀tá ẹni ni, ìbáà jẹ́ ẹnu baba ẹni ni a ti gbọ́ ọ.