Fíríìjì Àlòkù Di Àmù Ọtí



Ọ̀rọ̀ ọtí ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ti ìmutípara. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣe àríyá ní ìlú Òyìnbó yìí, owó ọtí ni í máa ń gbọ́n àpò wa gbẹ. Ìdí nìyí tí àwa mélòó kan fi kọ́ bí a ti í pọn bíà nílé, tí a sì sọ fíríìjì àlòkù di àmù tí a fi ń tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́. Ibi mẹ́ta ni a ti gbọ́dọ̀ fẹ̀sọ̀ ṣe é: níbi lílu ihò, nídìí gáàsì, àti níwájú òfin.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣà àjèjì ni. Àwọn ìyá wa tí ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ a máa rẹ àgbàdo, wọn a jẹ́ kí ó hu, wọn a sá a, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sè é, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ kí ó kan. Híhù yẹn ni í jẹ́ kí ìyẹ̀fun inú ọkà lè di ṣúgà, tí ìwúkàrà yóò sì sọ di ọtí. Bákan náà ni bíà rí. Ọkà báálì ni Òyìnbó ń lò, wọ́n sì ń fi òdòdó hops mú un korò. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó báálì wọ̀lú ní 1988, àgbàdo àti ọkà bàbà ni àwọn iléeṣẹ́ ọtí wa yíjú sí.

Fíríìjì tí kò ní yàrá yìnyín ni kí ẹ wá, nítorí àyè. Kẹ́ẹ̀gì tí a ń wí kì í ṣe ti ẹlẹ́mu. Irin tí kì í dógùn-ún ni, irú èyí tí àwọn tí ń ta ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ń lò tẹ́lẹ̀, tí à ń pè ní Cornelius. Ọ̀kan gba lítà 19, nǹkan bí ife páìntì 33. Ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 63, ó sì fẹ̀ tó 22. Ẹ fi páálí wọ̀n ọ́n wò nínú fíríìjì kí ẹ tó sanwó, nítorí ibi tí mọ́tò wà lẹ́yìn a máa yọ gọngọ wọnú nísàlẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ bébà kan. Bí bébà náà bá yọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà etí ilẹ̀kùn ti kú, owó iná ni fíríìjì náà yóò sì máa jẹ. Kẹ́ẹ̀gì tó kún wúwo ju kílò 20 lọ, nítorí náà ẹ yọ àwọn àtẹ dígí kúrò, kí ẹ tẹ́ pákó sísàlẹ̀.

Ó wá di ihò lílu. Inú ògiri fíríìjì ni páìpù tín-ín-rín tí gáàsì atutù ń gbà wà. Bí dírílì bá bá páìpù náà, fíríìjì ti kú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ fíríìjì òde òní ló sì ní isobutane nínú, gáàsì tí iná ń ràn mọ́ kíákíá. Ilẹ̀kùn ni kí ẹ lu, nítorí páìpù gáàsì kì í sí níbẹ̀. Ihò kan péré tó fún ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò lára iná. Bí ẹ bá fi sìlíńdà kékeré sínú fíríìjì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, kò ní sídìí láti lu ògiri rárá.

Kábọ̀n dáyọ́sáìdì ni gáàsì tí ń ti bíà jáde. Ẹ jẹ́ kí bíà hó tán kí ẹ tó dé e mọ́nú kẹ́ẹ̀gì. Ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì 3 tàbí 4, ẹ fi rẹ́gúlétọ̀ sí 10 sí 12 ní ìwọ̀n psi tí à ń fi wọn afẹ́fẹ́ táyà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Kí rọ́bà tí bíà ń gbà jáde gùn tó mítà méjì sí mẹ́ta. Bí ó bá kúrú jù, ìfófòó ni ẹ óò mu. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ mọ́ nígbàkigbà tí kẹ́ẹ̀gì bá tán.

Ṣùgbọ́n gáàsì yìí kì í rùn, a kì í sì í fojú rí i. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni í sì í lúgọ sí. Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kéré, òtútù sì ń mú wa ti fèrèsé pa. Bí sìlíńdà bá jò lóru nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹni tó sùn lè má jí mọ́. Ẹ má gbé e sí yàrá tí ẹ ń sùn. Ẹ so sìlíńdà mọ́ nǹkan kí ó lè dúró ṣánṣán. Ẹ fi omi ọṣẹ ra gbogbo oríkèé rẹ̀; ibi tó bá ń hó ló ń jò.

Ní ti òfin, láti 1880 ni ará Bìrìtéènì tó bá fẹ́ pọn bíà nílé ti ní láti gbàwé àṣẹ, àfi ìgbà tí ìjọba mú un kúrò ní 1963. Ẹ lè pọn ọ́n fún ara yín àti àlejò yín, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ tà á. Kí ẹ má sì tan ara yín: owó ìwọlé àríyá tí a ti ka ọtí mọ́, títà náà ni. Ìwé ìgbélùú ni púpọ̀ nínú wa fi ń gbé ibí. Ife bíà kan kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ pàdánù oyè tí àwọn òbí wa ta ilẹ̀ kí a lè rí gbà. Nítorí náà, àríyá tí a bá gbé kẹ́ẹ̀gì wa lọ, a kì í gbowó ìwọlé níbẹ̀.

Ẹni tí kì í mutí kò pàdánù. Omi atalẹ̀ ń bẹ nínú kẹ́ẹ̀gì kejì, ó sì tutù nini. Ẹni tó bá fẹ́ wo bí tiwa ti rí, kí ó bá wa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ire o.