Ẹ Bi Ẹni Tí Ń Lo Oògùn Náà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹni tí ń lo oògùn àrùn ọpọlọ nínú ilé yín bá ń rìn síwá sẹ́yìn, tí kò lè jókòó jẹun tán, ẹ má tètè wí pé àìsàn rẹ̀ ni ó tún dé. Haloperidol, oògùn tí a ṣàwárí ní ọdún 1958, a máa ṣe àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àwọn ẹbí tí wọ́n bẹ dókítà pé kí ó fi kún oògùn, nígbà tí ó jẹ́ pé oògùn náà gan-an ni ó ń da aláìsàn láàmú. Àwa oníṣègùn pàápàá a máa ṣì í mú.

Ẹ bi í léèrè pé: “Ṣé ọkàn rẹ ni kò balẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ rẹ ni kò jẹ́ kí o jókòó?” Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́, àti ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí tí wọ́n fi kún un, kí ẹ sì mú ìwé náà tọ dókítà lọ. Ó lè dín oògùn náà kù, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín o.

Ṣùgbọ́n bí ọrùn rẹ̀ bá wọ́, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná tí ó sì le gbagidi, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.