Fọ́tò Gẹ́gẹ́ bí Àkọsílẹ̀ Àṣà: Iṣẹ́ J. D. ’Okhai Ojeikere lórí Irun Obìnrin

Irun ṣíṣe jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ ọnà Yorùbá tí kì í tọ́jọ́. Ère lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n irun tí onídìrí fi gbogbo ọ̀sán dì kì í pẹ́ kí a tó tú u. Bí a bá ti tú u, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó kù lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ Ojeikere fi hàn bí fọ́tò ṣe lè gba irú ọnà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìgbàgbé.

Ọdún 1930 ni a bí Ojeikere ní Ovbiomu-Emai, ní agbègbè tí ó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá ni iṣẹ́ rẹ̀ ti gbilẹ̀. Ní 1954, ó di olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò ní ilé-iṣẹ́ ètò ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí, ó di ayàfọ́tò fún ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1959. Ní 1963, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní West Africa Publicity, ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà ní Èkó. Ní 1975, ó dá Foto Ojeikere tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin. Irun tí ó yà tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń yà, níwájú ògiri tàbí aṣọ tí kò ní ọnà, ní dúdú àti funfun. Nípa báyìí, ọwọ́ onídìrí ni ojú ń rí, kì í ṣe ẹwà ẹni tí ó ni orí. Ó sì máa ń fún fọ́tò ní orúkọ irun. “Onile Gogoro Or Akaba” (1975) fi irun wé ilé gíga àti àkàbà. “Modern Suku” (1979) sì jẹ́rìí pé ṣùkú àtijọ́ ti ń gba àwọ̀ tuntun. Ní 2000, Fondation Cartier ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris. Ó di olóògbé ní 2014.

Síbẹ̀, fọ́tò nìkan kò tó. Kò lè fi bí ìka ọwọ́ ṣe ń rìn hàn. Bákan náà, fọ́tò lè fi ibi tí irun kọjú sí hàn, ṣùgbọ́n inú èdè ni ìyàtọ̀ kojúsọ́kọ àti kẹ̀yìnsọ́kọ ti ní ìtumọ̀. Nígbà tí wíìgì àti rílásà ti gbòde, tí àwọn tí ń fi òwú kó irun sì ń dín kù, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí ní Ìkirè tàbí Àpòmù gbọ́dọ̀ so fọ́tò pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀: kí ó kọ orúkọ irun, ìlú àti ọdún sílẹ̀, kí ó sì gba ohùn onídìrí. Àwòrán tí kò ní orúkọ, orí lásán ni ọmọ ọ̀la yóò rí nínú rẹ̀.