Orúkọ Àgbẹ̀ Nínú Ìwé Ìjọba

Kí ọdún 2012 tó dé, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ra ajílẹ̀ òyìnbó, tó sì ń pín in. Akínwùmí Adéṣínà, mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà, sọ ọ́ ní gbangba pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀, bóyá ni mọ́kànlá ń rí i gbà. Ìdí nìyẹn tó fi gbé ètò tuntun kalẹ̀: kí àgbẹ̀ forúkọ sílẹ̀, kí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀, kó mú nọ́ńbà inú rẹ̀ tọ oníṣòwò tí wọ́n yàn lọ, kó sì gba àpò ajílẹ̀ méjì ní ìdajì owó. Nígbà náà, Abuja ló ń san ìdá kan nínú mẹ́rin, ìpínlẹ̀ náà ń san ìdá kan.

Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù ni ìwé orúkọ ètò náà mọ̀ jù, kò mọ oko. Ìyá tó ń gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn Alákíà n'Ìbàdàn, tó jẹ́ pé fóònù ọkọ rẹ̀ ló ń lò, ọwọ́ ọkọ ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ yóò bọ́ sí. Ẹni tó yá ilẹ̀ dáko ńkọ́? Bí wọ́n bá bi í léèrè ilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ bà á pé kí onílẹ̀ má lọ gbọ́.

Ìfura sì ní gbòǹgbò níbí. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde sí owó orí nínú ogun Àgbẹ́kọ̀yà. Táfà Adéoyè ló ṣáájú wọn ní Àkànràn, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà lónìí. Ọmọ ẹni tó sá wọ igbó nítorí agbówó-orí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ òun ṣe, ó sì yẹ kí wọ́n dá a lóhùn ní Yorùbá tó yé e.

OYSADA, àjọ ètò ọ̀gbìn tó rọ́pò OYSADEP ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni mo fẹ́ kó gbé iṣẹ́ ìdáhùn yìí dé abúlé. Bí wọ́n bá ti kọ orúkọ àgbẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n kà á sétí wọn ní ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lè sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí obìnrin tó ní oko tirẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé. Kí gbogbo rẹ̀ sì parí kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, torí àgbàdo kì í dúró de ìwé: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn gbígbìn ló ń fẹ́ ajílẹ̀, èyí tó bá dé nígbà tí ó ti ń yọ ọmọ ti pẹ́ jù.