Ẹdùn Àrá Kọ́ ni Òkúta Òfuurufú

Nínú àpilẹ̀kọ kékeré yìí, a fẹ́ la ọ̀rọ̀ kan tí ó ń da olùkọ́ àti olùdánniwò láàmú. Ní kíláàsì wa ní Ìgándò, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ àyọkà kan lórí àwọn òkúta tí ń já bọ́ láti òfuurufú. 'Ẹdùn àrá' ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ, a sì fún wọn ní máàkì. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé àwa gan-an ni a ṣìnà.

Lóòótọ́, àwọn baba wa gbà pé Ṣàngó ni ó ń sọ ẹdùn àrá láti òkè. Ṣùgbọ́n àwọn awalẹ̀pìtàn ti fi hàn pé àáké òkúta tí àwọn ará àtijọ́ fi ọwọ́ pọ́n ni púpọ̀ nínú wọn. Thurstan Shaw hú irú àáké bẹ́ẹ̀ jáde ní Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́, ní 1965.

Oríṣìí mẹ́ta ni òkúta òfuurufú: olókùúta, onírin, àti èyí tí irin àti òkúta jọ wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. 'Alábùlà' ni a dábàá fún ẹ̀kẹta yìí. Ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀: nínú 100 tí ènìyàn fojú rí pé ó já bọ́, bí ọ̀kan ni.

Irin alábùlà kì í dá wà. Nickel a máa bá a pọ̀. Ọ̀nà méjì ni a sì pín alábùlà sí. Nínú pallasite, hóró olivine aláwọ̀ ewé ni irin yí ká. Orúkọ Peter Simon Pallas, ẹni tí ó yẹ irú rẹ̀ wò ní Siberia ní 1772, ni a fi pè é. Nínú mesosiderite, àfọ́kù òkúta tí ó ní pyroxene àti plagioclase ni ó dà pọ̀ mọ́ irin.

Ní Nàìjíríà, èyí tí ó já ní Udei ní 1927, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Benue lónìí, ni ó sún mọ́ alábùlà. Onírin ni àwọn onímọ̀ kà á sí, síbẹ̀ olivine àti pyroxene wà nínú rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé, yangí Ìkòtún ńkọ́? Irin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n irin tí ó ti dípẹtà ni, kì í ṣe ògidì.

A kò gba máàkì àwọn ọmọ náà padà, ṣùgbọ́n a tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ wọn. A rọ ẹ̀yin olùdánniwò pé kí ẹ fi 'ẹdùn àrá' sílẹ̀ fún ìbéèrè lórí Ṣàngó, kí ẹ sì béèrè 'òkúta òfuurufú' níbi tí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì. Bí a bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, a pàdánù ìtumọ̀ méjèèjì.