Ọ̀nà Ojú Ọ̀run Láti Ìgbàyè sí Àbíjàn

Ní ọdún 1907 tí ojú irin tí àwọn Òyìnbó ń tẹ̀ bọ̀ láti Èkó dé Òṣogbo Òròkí, tí ó sì wá gba Ìkìrun Agúnbẹ́ onílé obì àti Òkukù kọjá sí Ọ̀fà Ìyẹrú Ọ̀kín, ìlú tí réluwéè bá dúró sí ni ọjà rẹ̀ ń kún, èyí tí ó bá sì fò dá, àwọn ọmọ ibẹ̀ a máa ru ẹrù wọn lọ sí ìlú onílùú kí wọ́n tó lè tà á. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú rí lónìí, ó sì kàn wá ní Ìgbàyè àti ní gbogbo agbègbè Odò-Ọ̀tìn ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ, nítorí pé òwò ìdálẹ̀ ti pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Àwọn baba wa ṣòwò ní Gáná títí àṣẹ tí ìjọba Busia pa ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 fi lé wọn wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí ọwọ́ ká. Ọ̀pọ̀ sì ti gba Ivory Coast lọ, níbi tí àwọn ará Èjìgbò, aládùúgbò wa, ti sọ Àbíjàn di ilé kejì.

Ẹni tí yóò bá fi ọkọ̀ ilẹ̀ lọ Àbíjàn, bọ́dà mẹ́rin ni yóò là kọjá: Sẹ̀mẹ̀, Hilla-Condji, Aflao àti Elubo. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sọ̀kalẹ̀, á tò sórí ìlà, wọn á lu òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, wọn á tú báàgì rẹ̀ wò, kí ó tó tún padà wọkọ̀. Abájọ tí ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a fi ń wá bàálù. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé Èkó Akéte, tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í pẹ́ tí yóò fi rí i pé Lomé, olú-ìlú Togo, ni wọ́n sábà máa ń ní kí òun ti pààrọ̀ ọkọ̀. Kí ni ó gbé orílẹ̀-èdè tí gbogbo èrò inú rẹ̀ kò tó ti Èkó nìkan dé ipò tí àwa fi ń wá gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ̀ pé ojú ọ̀run kì í ṣe ọ̀nà ọba tí olúkúlùkù lè gbà bó ṣe wù ú. Ní ìpàdé tí orílẹ̀-èdè 52 ṣe ní Chicago ní oṣù kejìlá ọdún 1944, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé onílẹ̀ ni ó ni òfuurufú orí ilẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni orílẹ̀-èdè ti ń bá ara wọn dúnàá-dúrà, ní méjì-méjì, lórí ẹ̀tọ́ tí ó ní ìpele: ẹ̀tọ́ láti fò kọjá lásán, ẹ̀tọ́ láti bà sílẹ̀ fún epo, ẹ̀tọ́ láti kó èrò láti ilé lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, àti láti kó wọn bọ̀. Èyí tí gbogbo wọn ń fi ọwọ́ dáàbò bò jù ni ẹ̀tọ́ láti gbé èrò ní ìlú àjòjì kan kí a sì já a sílẹ̀ ní ìlú àjòjì mìíràn, nítorí pé onílé a máa wò ó bí ẹni pé àlejò fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ òun.

Lomé rí àyè náà, ó sì lò ó. Nígbà tí Air Afrique, tí orílẹ̀-èdè 11 jùmọ̀ dá sílẹ̀ ní 1961, wọlẹ̀ ní 2002, tí Nigeria Airways tiwa náà sì kógbá sílé ní 2003, àlàfo ńlá ṣí sílẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 2010 ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ASKY bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Lomé, pẹ̀lú Ethiopian Airlines lẹ́yìn rẹ̀ bí òkè. Ní 2016 ni wọ́n ṣí ilé èrò tuntun níbẹ̀, Ethiopian sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibẹ̀ gbéra lọ sí Newark ní Amẹ́ríkà. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá kò ju èyí lọ: wọ́n ṣètò kí bàálù láti ìlú púpọ̀ dé ní àsìkò tí kò jìnnà síra, kí ará Èkó, ará Dakar àti ará Libreville lè bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n gba ibi àyẹ̀wò kan, kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ mìíràn láìjáde sí ìgboro. Ní Èkó, tí wọ́n ṣí pápá ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ní 1979, ẹni tí ó bá fi bàálù ti ìlú mìíràn ní Nàìjíríà wá gbọ́dọ̀ kó ẹrù rẹ̀ jáde, kí ó fi mọ́tò lọ sí ilé èrò òkèèrè. Owó oríṣiríṣi tí wọ́n ń gé mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì náà tún ń gun orí ara wọn.

Ẹnu àwọn ìjọba kò ṣàì dùn. Wọ́n fẹnu kò ní Yamoussoukro ní 1999 pé àwọn yóò ṣí òfuurufú Áfíríkà sílẹ̀ fún ara wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, wọ́n tún kéde ọjà òfuurufú kan ṣoṣo ní Addis Ababa, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń fi ọwọ́ kan ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì tì í. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, a rí ohun tí ìdíje lè ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù, tí owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn tí ó ti ń nìkan jẹ ọ̀nà náà sì wálẹ̀. Àjọ ECOWAS náà pinnu ní 2024 pé láti oṣù kìíní ọdún 2026 kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú owó-orí kúrò lórí ìrìnnà òfuurufú, kí wọ́n sì dín owó èrò àti ti ààbò kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìpinnu tí ó dára ni. Ẹni tí ó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò mọ̀ bóyá wọ́n mú un ṣẹ.

Ní Ọ̀ṣun tiwa, ibi tí a óò kọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú sí ni a ń bá ara wa fà. Ìdó-Ọ̀ṣun ti ní pápá bàálù láti 1936. Ìjọba Rauf Aregbesola bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá níbẹ̀ ní 2012, kò sì parí. Ní 2025, ìjọba Ademola Adeleke fẹ́ gbé e lọ sí Ẹdẹ Màpó Àrógun, ni awuyewuye bá bẹ́. N kò bá ẹnikẹ́ni du ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìlọrin, Àkúrẹ́, Ìbàdàn àti Adó-Èkìtì ti ní tiwọn, èrò kan náà ni gbogbo wọn ń wò lójú, Èkó ni gbogbo wọn sì ń fẹ́ gbà kọjá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí yóò tètè ran oníṣòwò Ìgbàyè lọ́wọ́ ni kí ìjọba àpapọ̀ gba ẹ̀tọ́ fún bàálù láti máa ti Ìlọrin, tí ó sún mọ́ wa jù, fò lọ tààrà sí Lomé, Accra tàbí Àbíjàn, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ́bodè àti ti ìwé ìrìnnà kò ṣàjèjì níbẹ̀, nítorí pé láti pápá Ìlọrin náà ni àwọn alálàájì ti ń gbéra tààrà lọ sí Saudi Arabia.