Àrùn Oríkèé àti Ẹ̀kọ́ Tí A Rí Kọ́ Lára Eku

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, láti orílẹ̀-èdè yòówù tí ẹ ti wá, ó dá mi lójú pé ẹ ti rí ẹni tí làkúrègbé ń yọ lẹ́nu. Oríṣiríṣi ni ìrora oríkèé. Òmíràn ń wá nítorí pé oríkèé ti gbó. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín lè mú ọ̀dọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń mú àgbà. Àwọn oríkèé kéékèèké ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ó sábà ń kọ́kọ́ mú. Wọn a wú, wọn a sì le gan-an ní òwúrọ̀. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, a máa jẹ eegun, ìka a sì wọ́. Ẹ ro ti olùkọ́ tí kò lè di ṣọ́ọ̀kì mú mọ́!

Kí ni ó ń fa àrùn yìí? Àwọn àgbà wí pé, ẹ̀hìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Olúkúlùkù wa ni ó ní ẹ̀ṣọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Nínú àrùn yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ni ó kọjú ìjà sí oríkèé onílé. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń pe ara wọn sí ogun. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní TNF. Mo lè fi í wé kàkàkí. Bí ó bá ti dún, àwọn ẹ̀ṣọ́ a rọ́ lọ síbẹ̀, ibẹ̀ a sì wú. Bí ogun bá parí, ó yẹ kí kàkàkí dákẹ́. Nínú oríkèé aláìsàn, kì í dákẹ́.

Ǹjẹ́ bí a bá dí ẹnu kàkàkí náà ńkọ́? Eku ni a fi wá ìdáhùn. Ní ọdún 1991, George Kollias àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gíríìsì ròyìn eku tí wọ́n fi àbùdá TNF ti ènìyàn sí lára. Oríkèé àwọn eku náà wú. Ṣùgbọ́n àwọn tí a fún ní ohun tí ń dí TNF náà bọ́.

Ní ọdún 1992, Richard Williams, Marc Feldmann àti Ravinder Maini, ẹni tí ó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Ùgáńdà, gbé iṣẹ́ tiwọn jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Irú eku tiwọn ni èyí tí a fún ní abẹ́rẹ́ kọ́lájìn, ohun kan tí ó wà nínú eegun rírọ̀ tí ó bo orí eegun. Àwọn ẹ̀ṣọ́ eku a bá kọ́lájìn àjèjì yìí jà. Nítorí pé ó jọ ti ara rẹ̀, wọn a sì yí padà sí oríkèé tirẹ̀. Nígbà tí a dí TNF, àní nínú àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti wú, wíwú náà dínkù, ìbàjẹ́ oríkèé sì dínkù pẹ̀lú. Ẹ kíyè sí i: fífi TNF kún un fa àrùn, dídí i sì rọ̀ ọ́.

Ní ọdún 1992 kan náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí dán an wò lára ènìyàn ní ilé ìwòsàn Charing Cross, Lọ́ńdọ̀nù. Ogún aláìsàn ni ìròyìn tí ó jáde ní 1993 sọ nípa wọn, ara sì tù wọ́n. Lónìí, irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ayé, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀. Kì í wo gbogbo ènìyàn sàn. Bí a bá sì dá a dúró, àrùn náà sábà máa ń padà.

Ṣùgbọ́n kàkàkí kò sí lásán. Ní 1995, a rí i pé eku tí TNF kò lè ṣiṣẹ́ lára wọn tètè kú nígbà tí kòkòrò ikọ́ ife wọ̀ wọ́n. Ní 2001, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ròyìn ikọ́ ife lára àwọn tí ń gba oògùn yìí. Nítorí náà ni a fi ń yẹ aláìsàn wò fún ikọ́ ife kí a tó fún un. Ní ìhà tiwa, níbi tí ikọ́ ife kò tíì tán, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé ìka òun ń wú, ó sì ń le ní òròòwúrọ̀, ẹ má ṣe fi í mọ ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tàbí ti òtútù. Ẹ rán an lọ sí ilé ìwòsàn kí eegun tó bàjẹ́.